Ọdẹ́wálé Kò Sí Nínú Ẹ̀rọ

Ajé, 9 Ṣẹ́rẹ́ 1995

Mo kó káàdì Bàámi láti Òkèrèwè wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá èèyàn tẹ ìwé ní Mayfair, n'Ífẹ̀ níbí, lónìí. Àpótí mẹ́rin. Ọyẹ́ ti mú ètè gbogbo wa gbẹ, eruku sì bo takisí débi pé mi ò mọ àwọ̀ rẹ̀ títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Mo ní ká kó gbogbo ẹ̀ sínú búùtù. Bàámi gbé ọ̀kan lé itan, wọ́n ní àwọn ò kó ogójì ọdún sínú búùtù takisí.

Awakọ̀ ń wò wọ́n nínú díńgí. "Bàbá, ṣé wúrà ni?"

"Kòkó ni."

"Kòkó wo ló ń gbé inú àpótí ìwé?"

"Èyí tó ń ṣàìsàn," ni Bàámi dá a lóhùn. Ọkùnrin náà ò tún bi wọ́n ní nǹkan kan mọ́ títí a fi dé.

Ara ìwé wọn ti parí lórí táípúráítà láti ìparí ọdún tó kọjá, gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa àrùn kòkó. Àkójọ ẹ̀yìn ìwé ló kù: orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n tọ́ka sí, ohun tó kọ, ọdún tó kọ ọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí káàdì tirẹ̀. Atẹ̀wé n'Íbàdàn ní bí kò bá tẹ àwọn lọ́wọ́ kí Ẹrẹ́nà tó parí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ogúnjọ́ Ẹrẹ́nà yẹn náà ni dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún wọn. Tòsì ti fọ́ ná. Mo ní kí dókítà sọ ojú abẹ níkòó fún mi. Ó ní kí n má retí púpọ̀.

Nítorí náà, ìparí Èrèlé ni mo fi sí. Iṣẹ́ tí kò bá ní ọjọ́ ìparí, eré ni. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí mú dání ní kíláàsì okòwò nìyẹn.

Ọjọ́rú, 11

Akínkúnlé, àbúrò mi, ti fi pírógíráàmù ránṣẹ́ láti Èkó. Dísìkì méjì, pẹ̀lú fọ́tókópì ìwé ìlànà tí apá kan rẹ̀ dúdú kirikiri. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló mú un bọ̀ láti London. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ wò, ó sì wù mí. O fi òǹkọ̀wé sí àyè kan, ọdún sí àyè kan, àkọlé sí àyè kan, ó parí. Kò sẹ́ni tó ń to nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tò wọ́n láti A dé Z. Tó o bá ń wá ẹnì kan, tẹ orúkọ rẹ̀, á jáde sí ọ lójú.

Akínkúnlé kọ ọ́ sí ara àpò ìwé náà pé: "Àǹtí mi, èyí kì í gbàgbé nǹkan bíi ti àwọn kan."

Mo mọ ẹni tó ń bá wí. Ní Kérésìmesì, Bàámi pe ọmọ Akínkúnlé ọkùnrin ní orúkọ ọmọ ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ fún un nígbà náà pé ojú ni. Ó ní kì í ṣe ojú nìkan.

Ẹtì, 13

Ìyá Sàúdátù bẹ̀rẹ̀ lónìí. Habibah lorúkọ rẹ̀, òun ló tẹ ara ìwé náà, kò sì sí ẹni tó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé Bàámi bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n táípúráítà ló mọ̀. Ó ń wo kọ̀ǹpútà bí ẹni ń wo àlejò tí kò kí èèyàn.

Bàámi wọlé pẹ̀lú ọ̀pá wọn, wọ́n béèrè pé níbo ni àmì ohùn wà lórí ẹ̀rọ yìí. Mo ní kò ní.

"Àmì ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní ìyẹn náà, Bàámi. Òyìnbó ló ṣe é."

Wọ́n jókòó. "Àmì ohùn, mo fi jì í. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á fúnra rẹ̀ gbé ohùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ àmì abẹ́ lẹ́tà ti yí orúkọ padà. Ọdẹ́wálé, ọdẹ ló wálé. Yọ ọ́ kúrò, ó di òde ló wálé. O ti gbọ́ ọ rí, kí òde máa wálé?"

Ìyá Sàúdátù ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é lórí táípúráítà náà ni màá ṣe é." Lórí táípúráítà, á tẹ lẹ́tà tán, á yí rólà díẹ̀, á lu àmì ìdánudúró sí abẹ́ rẹ̀.

Oníbàárà kan dúró sí mi lórí. Mo ní kó ṣe é bó bá ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, kí iṣẹ́ ṣáà máa lọ.

Ìṣẹ́gun, 17

Kò sí iná lánàá, kò sí iná lónìí. Ìlà epo ti dé iwájú ilé oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo dúró níbẹ̀ láti òwúrọ̀, mo gba epo ìdajì kẹ́ẹ̀gì, jẹnẹrétọ̀ sì mu ún bí ẹni mu ògì.

Ọjọ́bọ̀, 19

Bàámi ń wá lójoojúmọ́. Wọ́n á mú káàdì, wọ́n á gbé e sún mọ́ imú, wọ́n á yí i síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n á kà á fún Ìyá Sàúdátù bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n kà. Káàdì kan, ìtàn kan. Ta ló jẹ́ akọrin, ta ló bẹ̀rù ejò, ta ló kọ ìwé tán tó lọ di pásítọ̀. Mo ní, "Bàámi, ọdún la máa fi ṣe é báyìí." Wọ́n ní, "Ṣé mo ti ní ẹ máa dúró dè mí ni?"

Àwọn káàdì náà pàápàá ò tò bí ọmọlúwàbí. Oko ni wọ́n fi tò wọ́n, kì í ṣe orúkọ. Ohun gbogbo tó jẹ mọ́ oko kan, ibì kan náà ló wà. Bí o ò bá mọ oko, o ò lè rí ènìyàn. Mo bi wọ́n léèrè pé irú ètò wo nìyẹn. Wọ́n ní ibẹ̀ ni igi wà.

Lónìí ìtàn Ọdẹ́wálé ló gùn jù. Mo ti gbọ́ ọ láti kékeré: òun àti Bàámi jọ rin oko kòkó láti Ifẹ̀ dé Oǹdó, títí ọkọ̀ fi pa á lójú ọ̀nà. Kò kọ nǹkan kan sínú ìwé àwọn Òyìnbó. Ìwé pélébé fún àgbẹ̀ ló ń kọ, ní Yorùbá, ilé iṣẹ́ ìjọba tó tẹ̀ wọ́n sì ti tú ká. Kò sí ilé ìkówèésí tó ní ẹyọ kan. Bàámi ní ohun tí àwọn kọ sí orí kẹta ìwé yìí, ẹ̀kọ́ Ọdẹ́wálé ni láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Bí kò bá sí nínú ìwé mi," wọ́n ní, "ibo ni yóò wà?"

Ìṣẹ́gun, 24

Mo tẹ ojú ìwé díẹ̀ jáde láti wo bó ṣe rí. Ó tò gbọngbọn. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ La, ẹnì kan ń jẹ́ Le. Àwọn ará Ṣáínà náà ti dé ìdí kòkó. Ẹlòmíràn ń jẹ́ Oluwa. Ó dára, bí Olúwa bá kọ nǹkan lórí kòkó, ó tọ́ ká tọ́ka sí i.

Àìkú, 29

Bàámi ò wá. Ojú ń ta wọ́n. Mo gé ẹran sínú ọbẹ̀ wọn wẹ́wẹ́ kí wọ́n má baà fi ṣíbí wá a kiri, wọ́n sì bínú sí mi nítorí rẹ̀.

Ọjọ́rú, 1 Èrèlé

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyá Sàúdátù ń dé ní kùtùkùtù báyìí, ó ń lọ bí oòrùn bá ti kan òkè. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo wo ètè rẹ̀ tó gbẹ, mo fi í sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò dín nínú ìyára. Bàámi ò lè ka káàdì mọ́ láti àná, òun nìkan ló ń kà wọ́n fúnra rẹ̀ báyìí.

Ọjọ́bọ̀, 9

Iná já lójijì, iṣẹ́ òwúrọ̀ odindi lọ. Ìyá Sàúdátù ní, "Lórí táípúráítà, ohun tí mo bá ti lù, ó ti lù nìyẹn." 

Àbámẹ́ta, 18

A parí. Káàdì ìkẹyìn wọlé lánàá.

Akínkúnlé dé láti Èkó pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹnu. Gbogbo wa jókòó ti kọ̀ǹpútà. Iná wà, ohun gbogbo rí bó ṣe yẹ kó rí. Mo ní kí Bàámi dárúkọ ẹni tó bá wù wọ́n, kí wọ́n rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọdẹ́wálé."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà rò ó díẹ̀, ó ní kò sí.

"Tún un tẹ̀."

Mo tún un tẹ̀, ní lẹ́tà ńlá, ní lẹ́tà kékeré. Kò sí. Mo tẹ orúkọ Bàámi, Fákúnlé, wọ́n sì tú jáde bí èèrà. Mo tẹ ti Òyìnbó méjì, wọ́n jáde. Mo padà sí Ọdẹ́wálé. Kò sí.

"Méje ni," ni Bàámi wí. "Ìwé pélébé méje ni."

Akínkúnlé ní, "Bàbá, ta ló rí wọn yàtọ̀ sí yín?"

"Ìwọ, mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń kọ wọ́n!"

"Mi ò ní kò kọ ọ́, sà. Mo ní ṣé ẹ kọ ọ́ sórí káàdì. Ó lè jẹ́ pé ẹ ní in lọ́kàn láti kọ ọ́."

Bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ nu orí ọ̀pá wọn.

Nígbà tí mo sin Akínkúnlé dé ìdí ọkọ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ti rí i fúnra yín. Ẹni tó ń rí ìwé tí kò sí, ṣé ó yẹ kó dá gbé ní Òkèrèwè? Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Èkó ni wọ́n ń bá mi lọ. A ó ti ilé yẹn."

"Ìwọ lo máa lọ sọ fún wọn?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́ tiyín."

Ojú mi ni ẹ̀rọ yẹn ṣe wá a tì. Kí ni kí n wí?

Ajé, 20

Mo tú àpótí kan wò. Eruku, oko, oko, oko. Lẹ́tà Bàámi kéré bí ẹyin iná orí. Mi ò rí Ọdẹ́wálé. Àpótí mẹ́ta ló kù, oníbàárà sì ń dúró. Ẹ̀rọ ti wo gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ni èmi ń fi ojú ara mi wá?

Mo bi Ìyá Sàúdátù bóyá ó rántí pé òun tẹ Ọdẹ́wálé.

"Mádàámù, ẹ má bi mí. Bí mo bá ń tẹ nǹkan nínú ààwẹ̀, ojú ló ń gbà á, ọwọ́ ló ń lù ú, èmi ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fo káàdì kan o. Mo fi Ọlọ́run búra."

Ọjọ́rú, 22

Orí kẹta dárúkọ Ọdẹ́wálé léraléra. Bí kò bá sí nínú àkójọ ẹ̀yìn, àwọn atẹ̀wé á dá a padà, tàbí kí ẹni tó bá kà á rò pé ènìyàn tí kò sí ni Bàámi ń tọ́ka sí. Yálà ká rí káàdì rẹ̀, tàbí ká yọ orúkọ rẹ̀, ká tún orí kẹta tẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú Bàámi bó ṣe rí. Mi ò mọ ọ̀nà míràn tí à ń gbà gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n gbé ọ̀pá wọn ti ògiri.

"Ẹ yọ ọ́," ni wọ́n wí.

"Bàámi, ṣé ó dá yín lójú pé—"

"Kí ló tún dá mi lójú? Mo ní kí ẹ yọ ọ́."

Ìyá Sàúdátù ni yóò tún orí náà tẹ̀ lẹ́yìn ọdún ààwẹ̀. Mo kọ ọ́ sí kàlẹ́ńdà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo kọ nǹkan sí kàlẹ́ńdà tó wù mí kó má dé.

Àbámẹ́ta, 25

Láti àná ni mo ti ń ka àkójọ náà sí Bàámi létí ní Òkèrèwè, bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan ní láti yẹ̀ ẹ́ wò, èmi ò sì mọ kòkó. Mo ka A, mo ka B. Tẹ́lẹ̀, orúkọ kan ì bá bí ìtàn mẹ́ta. Wọ́n kàn ń mi orí.

Ọjọ́bọ̀, 2 Ẹrẹ́nà

Mo ka La, mo ka Le. Mo ní, "Bàámi, ṣé ẹ mọ ẹni tó ń jẹ́ La yìí?"

Wọ́n ní, "Ta ni mo tún mọ̀?"

Ẹtì, 3

Ọdún ààwẹ̀. Ìyá Sàúdátù gbé oúnjẹ wá sí Òkèrèwè fúnra rẹ̀, òun àti Sàúdátù ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ tuntun. Ó kúnlẹ̀ kí Bàámi. Wọ́n súre fún un dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n bi mí lẹ́yìn tó lọ pé ta ni obìnrin yẹn. Mo ní ojú ni. Mo sọ ọ́ fún ara mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ajé, 6

Mo débi O. Mo kà á kíákíá kí n lè kọjá níbẹ̀. Bàámi kọ ojú sí ògiri.

Mo fẹ́ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ní ohun tó kù kò tó nǹkan, Òyìnbó ló pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ohun tí a bá bẹ̀rẹ̀, a máa ń kà á tán." Ohùn wọn ti rẹ̀.

Ọjọ́rú, 8

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Òjò àkọ́kọ́ ọdún yìí rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ń dún lórí páànù tó fi jẹ́ pé igbe ni mo ń ké ka ìwé. Mo ti dé W. Ó rẹ̀ mí, ebi ń pa mí, mi ò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń sọ mọ́. Mo ka Òyìnbó kan, mo ka òmíràn, mo débi ẹnì kan tó ń jẹ́ Wale, J. A. O. D. Ìwé pélébé ni, 1957. Àkọlé rẹ̀ wà ní Yorùbá, láìní àmì: Igi ti o ku.

Mo kígbe kà á: "Igi tí ó kú."

"Tí ò kú," ni Bàámi wí.

"Kí lẹ wí?"

"Igi tí ò kú. O ń pa igi onígi." Wọ́n ti dìde jókòó. "Oko Ifẹ̀tẹ̀dó ló wà. Gbogbo èyí tó yí i ká ló kú, òun nìkan ni kò kú. A lọ wò ó ní ọdún mẹ́ta léra. Ta lo ní ó kọ ọ́?"

"Wale."

"Wale bàbá ta ni? Ọdẹ́wálé ló kọ ọ́! Ka èyí tó tẹ̀ lé e."

Mo fi ọwọ́ bo ìwé náà bí olùkọ́. Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ kí n tó kà á."

"Gígé Ẹ̀ka Tó Ń Ṣàìsàn," ni wọ́n wí.

Mo ṣí ọwọ́. Òun ni.

"Lẹ́yìn ìyẹn ni Òjò àti Èso Dúdú. Lẹ́yìn ìyẹn..." Wọ́n ka méjèèje tán, bó ṣe tò lórí ìwé, ọdún sí ọdún. Wọn ò ṣi ẹyọ kan. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú omijé lójú bí òpònú.

Bàámi rẹ́rìn-ín. Ó ti tó oṣù kan tí mo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. "Ọdẹ́ ti wálé," wọ́n ní. "Ojú ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà."

Ọjọ́bọ̀, 9

Ó ti yé mi. Nítorí àmì ìsàlẹ̀ ni. Ìyá Sàúdátù tẹ O, ó lu ìdánudúró lé e, ó tẹ de, ó lu ìdánudúró lé e, ó wá tẹ wale. Lójú táípúráítà, àmì ni. Lójú ẹ̀rọ Òyìnbó, ohun tó bá ní ìdánudúró nídìí, ìgékúrú orúkọ ni, bíi J. tàbí A. Ó gé O, ó gé D, ó sì mú wale tó kù fi ṣe orúkọ ẹ̀bí rẹ̀. Bí mo bá ti tẹ Odewale, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò purọ́.

La kì í ṣe ará Ṣáínà. Abímbọ́lá ni. Le, Ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Oluwa ni mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù: Ìkẹ́olúwa ni, ẹni tó ń jẹ́ orúkọ èmi gan-an. Òyìnbó ò ní àmì lábẹ́, Fákúnlé náà ò ní, ni gbogbo wọn fi jáde láìfarapa.

Mo fi han Ìyá Sàúdátù. Ó gbé ọwọ́ lé orí. "Yéè! Mo fi ìdánudúró bẹ́ gbogbo wọn lórí!"

"Bàámi ní kó o fi sí i, èmi ni mo ní kó o ṣe é bó o ṣe mọ̀. Jókòó. Gbogbo orúkọ tó ní àmì la máa tún tẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. A ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Àmì, a ó fi bírò dúdú sí i lórí ìwé lẹ́yìn tó bá jáde."

Ó wo àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní, "Ó ṣáà dára pé ààwẹ̀ ti tán."

Mo pa ohun tí mo kọ nípa orí kẹta rẹ́ lórí kàlẹ́ńdà.

Àbámẹ́ta, 11

Mo fóònù Akínkúnlé, mo ròyìn fún un. 

"Méjèèje?"

"Pẹ̀lú ọdún wọn."

"Láìwo ìwé?"

"Ìwé wo ni wọ́n fẹ́ wò, Akínkúnlé?"

Ó ní ká fi ọ̀rọ̀ Èkó sílẹ̀ ná. Ó ní ó lè wá ẹni tí yóò máa sùn lọ́dọ̀ wọn ní Òkèrèwè. Mo ní kó wá a. Ẹnu rẹ̀ náà ló fi sọ ọ́, kó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe é.

Ọjọ́rú, 15

Iná, epo, iná, epo. Ìka Ìyá Sàúdátù wú. Mo ti ń tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ìka méjì ni mo fi ń tẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó fẹ́ jábọ́ lórí igi.

Àbámẹ́ta, 18

Ó ti jáde. Mo tẹ Odewale. Méje. Mo tún un tẹ̀ láìnídìí, mo kàn fẹ́ rí i.

A gbé ìwé náà lọ sí Òkèrèwè, àwa méjèèjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti òwúrọ̀, à ń fi bírò kán àmì sábẹ́ orúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Bàámi jókòó láàárín wa, wọ́n ń gbọ́ ìró bírò.

Nígbà tí a dé Ọdẹ́wálé, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n gbé bírò fún àwọn.

"Bàámi, ó lè bà jẹ́. Mi ò ní tẹ̀ ẹ́ jáde mọ́, ríbọ́ọ̀nù ti ń parí."

"Àmì ohùn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi sí i. Mo ní mo fi jì í. Mi ò fi jì í mọ́. Ìwọ tó o jẹ́ ọmọ mi pàápàá pa igi náà mọ́ mi lójú."

Ìyá Sàúdátù yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo di ọwọ́ wọn mú, mo gbé ẹnu bírò ka orí o, nínú Igi ti o ku. "Ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ fà á wá sísàlẹ̀ díẹ̀." Wọ́n fà á. Ó ti gùn jù. Òkè ló ti bẹ̀rẹ̀, láàárín ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìlà tó ṣáájú rẹ̀, ó sì gba inú ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ bí ojú àdá lára igi.

"Ṣé ó bọ́ síbẹ̀?"

Ìyá Sàúdátù wò mí. Ó mọ̀ mí. Ó ti rí mi tí mo fa ìwé ya nítorí àlàfo kan.

"Ó bọ́ síbẹ̀," ni mo wí.

Ajé, 20

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Bàámi ń sùn. Dókítà ní ká dúró.

Ẹtì, 24

Wọ́n tú ìdì ojú náà. Bàámi rí ìmọ́lẹ̀, wọ́n rí ibi tí fèrèsé wà, wọ́n rí aṣọ funfun nọ́ọ̀sì. Mo gbé ìwé ìròyìn sí iwájú wọn. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n yí i, wọ́n ní, "Ìwé ìròyìn ni." Mo ní kí ni ó sọ. Wọ́n ní àwọn ò bá a débẹ̀.

Kí n mú wọn padà sílé ni gbogbo ohun tí mo lè béèrè lọ́wọ́ ọjọ́ yìí. Òkèrèwè la mú wọn lọ.

Ọjọ́bọ̀, 30

Mo ti fi ìwé náà rán ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn láti ọjọ́ Ajé. Atẹ̀wé fóònù lónìí. Ohun gbogbo dára, ó ní, ó tò, ó mọ́, kí n kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan ló kù, ní apá O. Bírò ti ya mọ́ wa lọ́wọ́ níbẹ̀. Ìlà kan gùn gbọọrọ. Ṣé kí àwọn nù ún kúrò kó tó wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé?

Mo wo ojú ọ̀nà. Takisí kan dúró, ẹnì kan ń bá awakọ̀ jà.

"Rárá," ni mo wí. "Ẹ fi í sílẹ̀."

"Mádàámù, ó dà bí ìdọ̀tí o."

"Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ fún mi, kí n mọ̀ pé ẹ rí i dáadáa."

Mo gbọ́ bó ṣe ń gbé ìwé sún mọ́ ojú.

"Igi," ó ní. "Igi tí... ò kú."

"Ẹ ṣeun," ni mo wí, mo sì gbé fóònù kalẹ̀.